Tiransísítọ̀ Méjì fún Wáàsí

Kí ló dé tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè mọ́ṣáláṣí kan ní Olúpọ̀nnà fi ń jẹ tiransísítọ̀ tuntun bí iná ṣe ń jẹ koríko? Mùínàt, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìwó, ti pààrọ̀ méjèèjì, ẹ̀yà kéékèèké inú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì jóná.

Wáàsí ku ọ̀la. Ààfáà Habeeb, tó ni wáàsí, jókòó tì í. "Bí o bá tún jó o, Ìbàdàn ni mò ń gbé e lọ. Àbí kí n wá alágbẹ̀dẹ bá ọ?"

"Ẹ má bú mi, Ààfáà. Èyí tó lágbára jù ni mo rà, méjèèjì sì bára mu régí."

Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ta á jí. Bí agbára bá tó, tí wọ́n sì bára mu, kí ló kù? Ó ṣa àwọn tó bá ẹ̀rọ náà wá nínú agolo, ó fi etí ìborùn nu èéfín ara wọn. Wọ́n jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọ̀kan parí sí oókan, ti èkejì sí eéjì. Ọ̀kan ń ti ohùn lọ, èkejì ń fà á bọ̀. Òun sì ti fi èyí tó ń tì sí ojú ibi méjèèjì!

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Bí ẹni ń ra aṣọ ìbejì ni mo ṣe rà wọ́n, Ààfáà, tọkọtaya sì ni wọ́n!"