Ọwọ́ Ìyá Wọ́ọ̀dù

Ìyá Wọ́ọ̀dù ń nu òógùn lójú awakọ̀ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹjọ nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà pè é. Ọ̀sán ti pọ́n. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́, kọ́tínì funfun ń fẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ jáde, gbogbo wọ́ọ̀dù dà bí ibi téèyàn ń rí lójú àlá. Ó gbé aṣọ ìnujú lé èjìká, ó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ o. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, ló wà ní bẹ́ẹ̀dì kìíní. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí, ojú ọgbẹ́ náà kọ̀, kò jinná. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kò lè rí ẹni tí kò ní alábẹ̀wò kó mójú kúrò. Tó bá ti nu ojú ọgbẹ́ ọkọ rẹ̀ tán, á lọ fún tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lómi, á gbé ìrọ̀rí télọ̀ sókè, á dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì, tí wọn ò pọ̀ tó, ń dúpẹ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní èsì àyẹ̀wò ti dé. Kòkòrò tó wà lójú ọgbẹ́ káfíńtà ti mojú gbogbo oògùn tó wà, wọn ò lè pa á mọ́, àfi ẹyọ kan tó kù. Kòkòrò yẹn kan náà ni wọ́n rí lára àwọn mẹ́ta mìíràn. Láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ oògùn tó kù náà fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, kò sí òmíràn. Ohun tó ń ya dókítà lẹ́nu ni pé kò ran àwọn tó sùn ti káfíńtà.

“Mọ́mì, àwọn tí kò ní alábẹ̀wò nìkan ló ràn,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ Bàbá àti lọ́dọ̀ àwọn yòókù?”

Ìyá wolẹ̀. “Ṣé kí n fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ, kí n wá sáré lọ fọwọ́? Wọn ò ní rò pé mo ń kórìíra wọn ni?”

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó ní àwọn gan-an ló jẹ̀bi, àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ, kí wọ́n sì fún un ní ìbọ̀wọ́. Kó dúró ti ọkọ rẹ̀ nìkan láti òní lọ, kí ọ̀rọ̀ náà sì mọ sáàárín àwọn méjèèjì.

Ìyá fi ọṣẹ fọwọ́ títí ìka rẹ̀ fi hun jọ. Ojú tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Wọ́n ní oore kì í gbé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè mú àìsàn dání. Ó yẹ kó yà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Kò yà. Ó lọ dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kẹjọ.

“Ọmọ mi, ibà tuntun yìí, ọwọ́ mi ló gbé e wá bá ọ. Ara bàbá ni mo ti kó o. Mi ò mọ̀.”

Awakọ̀ fi ojú ibà wò ó, bíi pé ọ̀nà jíjìn ló ń wò.

“Láti oṣù tó kọjá tí mo ti wà níbí, Màmá, ẹni tó bá fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ nìkan ló ń fọwọ́ kàn mí. Àfi ẹ̀yin.”

Ìyá sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan wá, ó gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè tó awakọ̀, ó jókòó. Ó ní kó sọ ọ̀nà tó jìn jù tó ti wa mọ́tò dé rí fún òun, kó má fo ibì kankan. Awakọ̀ di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà gáréèjì.