Bíríkì Ilé Wa àti Àlùbọ́sà Mi

Mo dúró níwájú típà, mo ní kó kọ́kọ́ gun orí mi kọjá kó tó kó bíríkì ilé wa lọ. Dírẹ́bà ń fọn fèrè, èmi náà ń pariwo. Èmi Mùtíátù! Ta ni kò mọ̀ mí ní Ìdúmàgbò?

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Àlùbọ́sà ni mò ń tà ní ọjà Sandgrouse, inú kọ̀nténà irin tó wà lẹ́yìn ilé ẹbí wa ni mo sì ń kó ọjà mi pamọ́ sí. Tí oòrùn bá mú, ibẹ̀ a gbóná bí ààrò, àlùbọ́sà a sì máa jẹrà lójú mi. Bó bá ń lọ báyìí, ọjà mi máa kú nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ẹ̀yìn ilé láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ tuntun, mo fọwọ́ kan ògiri yàrá Ìyá Àgbà lọ́sàn-án gangan. Ó tutù! Bíríkì tó nípọn bẹ́ẹ̀, ooru kì í tètè là á kọjá. Òun ni wọ́n wá fẹ́ lọ dà sínú àbàtà.

Bàbá Salahudeen, olórí ẹbí wa, jáde síta.

“Mùtíátù, kí ló dé?”

“Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá. Ẹ fún mi ní bíríkì yìí, kí n fi kọ́ ibi tí màá kó àlùbọ́sà sí.”

“Astagfirullah! Ògiri yàrá tí Ìyá Àgbà kú sí, òun lo fẹ́ kó àlùbọ́sà sí?”

“Kí ni Ìyá Àgbà ń tà nígbà ayé wọn? Ṣé kì í ṣe àlùbọ́sà? Àbí inú àbàtà ló yẹ wọ́n?”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà mirí.

“Ẹnu ẹ yìí! Dírẹ́bà, já a sílẹ̀ fún un.”

Ọláyínká bíríkílà ha sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò lára wọn, ó fi wọ́n mọ ilé ọjà fún mi, ó sì fi ihò sílẹ̀ lókè kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Mi ò ra búlọ́ọ̀kù kankan, mi ò tan fáànù, mi ò tan jẹnẹrétọ̀. Àlùbọ́sà mi le koko. Ẹ wá wo bí mo ṣe ń jó nínú ilé ọjà!

Lánàá, wọ́n mú iná lọ. Bàbá wá jókòó sọ́dọ̀ mi, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n tẹjú mọ́ iwájú ilé wa tó ṣì dúró, èyí tí àwọn awólé ń bọ̀ wá wó lọ́la.

“Mùtíátù, ilé tí mo máa fi ẹ̀rọ mú tutù ni mo fẹ́ kọ́. Èyí tó tutù fúnra ẹ̀ ni mo wá ń wó.”

Wọ́n fọwọ́ pa ògiri náà.

“Pe àwọn awólé yẹn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá mọ́.”

Mo ti ń tẹ fóònù kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.