Ẹ Wo Ògiri Kí Ẹ Tó Béèrè

"Ó tún ti kú!" Ọ̀gá ilé ìwòsàn ló ń pariwo lórí fóònù. "Àwọn aláìsàn ò rí ojú ìwé àwọn dókítà ṣí. Tó bá fi máa di aago méjì tó ṣì ń wọ́ bí ìgbín, màá gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíì!"

"Ẹ má bínú, sà," ni Ẹnjiníà fèsì. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé ọmọ yìí ló kọ ìkànnì ilé ìwòsàn náà láti orí tábìlì ìjẹun wọn.

"Kí ló dé tí o káwọ́ lérí bí ẹni tí adìẹ dà lóògùn nù?" Màmá bi í.

"Màmá, gbogbo ẹni tó bá ṣí ojú ìwé yẹn ni kọ̀ǹpútà ń lọ sí ibi àkọsílẹ̀ fún, kó lọ béèrè dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá ní kó tọ́jú ojú ìwé tó ti tò tán, kó máa fi ìyẹn han èèyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Síbẹ̀, ìbéèrè ò dín!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Yàrá káàdì ilé ìwòsàn ló ti fẹ̀yìn tì.

"Irú ẹ̀ ṣe mí rí. Mo kọ orúkọ àwọn dókítà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ìdí mi lè ráyè kan àga. Èrò ò yéé ya wọlé! Mo bú ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà títí ètè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àṣé èmi òpònú yìí ni mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó máa kọ́kọ́ kó gbogbo wọn wá bá mi. N ò sì sọ fún un pé kó wo ògiri ná!"

Ọ̀rọ̀ náà la Ẹnjiníà lójú. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Lóòótọ́, ohun tó kọ sókè pátápátá ni pé kí kọ̀ǹpútà lọ béèrè. Ìgbà tó bá gbọ́ ìdáhùn tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wò ó bóyá ojú ìwé ti wà nílẹ̀. Á wá da ìdáhùn náà nù, á gbé ti ilẹ̀ jáde.

"Yéè! Màmá, èmi ni mo ń rán an!"

"O fojú jọ mí, o tún forí jọ mí! Ṣe kíá, jàre."

Ó gbé ìbéèrè náà wá sísàlẹ̀: kí kọ̀ǹpútà wo ilẹ̀ ná, tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀ ni kó tó lọ béèrè. Irinwó ìbéèrè láàárín ìṣẹ́jú kan di ẹyọ kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Aago méjì ku díẹ̀, fóònù dún.

"Ó ti ń yára o," ọ̀gá wí. "Àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dà wá láàmú látàárọ̀?"

Irọ́ tó rọrùn rèé, ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ tó ṣì ń fi etí ìró nu omi ẹ̀rín lójú.

"Rárá, sà. Àṣìṣe tèmi ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́."

Ọ̀gá fèsì pé, "Ó dáa. Mo ń gbọ́ ẹ."

Màmá rọra yí ohùn rédíò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè ṣàlàyé.