Òróró Tí Iná Kàn

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, màá bú sẹ́kún lójú ẹni náà ni. Sùúrù ni mo fi ń kó kóró elégédé jọ láti ilé ìdáná ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń dà á nù mọ́ èèpo. Sùúrù ni mo fi ń fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́ta, tí mò ń ṣa okùn-okùn ara rẹ̀ kúrò, tí mò ń sá a sórí òrùlé pẹrẹsẹ tó wà lókè yàrá wa, tí mò ń bó o títí èékánná mi fi ń ro mí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni màá tó dà á sínú ẹ̀rọ kékeré tí mo dè mọ́ etí tábìlì, màá máa yí ọwọ́ rẹ̀, òróró á máa kán tó, tó, bí ẹni pé ó ń ṣahun. Apá mi ti fẹ́ já. Mi ò sì kì í fi iná kàn án rárá, torí ojú ni wọ́n máa fi pa.

Bàtà ni mò ń tà ní ti iṣẹ́ oṣù. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kúnlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, tí mò ń ti gìgísẹ̀ wọn wọnú bàtà tó kéré jù fún wọn, tí wọ́n á sì tún sọ pé bàtà ló ní ẹ̀bi. Ó ti sú mi pátápátá. Ojú ni mo fẹ́ máa bá ṣiṣẹ́ báyìí. Ó kéré tán, ojú kì í rùn.

Ojú ara mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ kan tó le ló bó o, tó fi ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, tí mi ò lè rẹ́rìn-ín kí ó má ta mí. Mo gbìyànjú òróró àgbọn, ó sọ kókó wínníwínní sí iwájú orí mi. Ti kóró elégédé ló wá gbà mí. Mi ò kàn dà á sójú o. Mo kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí fún ọjọ́ méjì, bóyá ara á kọ̀ ọ́. Nígbà tí ara gbà á, mo wá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bọ́jú kí n tó sùn, màá fi aṣọ ìnujú tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ó ṣì lómi lára, màá kán òróró mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi ọwọ́ méjèèjì ra á, màá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́jú jẹ́jẹ́. Kò ju oṣù kan lọ tí ojú mi fi balẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ta bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Bí apòògùn tó wà ní ìkángun òpópónà wa ṣe gbọ́ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà kò tó mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba ìgò kan, ó fi pa ojú ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun á fún mi ní àyè lórí pẹpẹ òun, fún àwọn tí ojú wọn ń bó nítorí oògùn tí wọ́n ń lò, bí ìgò kejì bá ti rí bí ìkíní gẹ́lẹ́. Àyè kan ṣoṣo ló kù. Bí tèmi ò bá dọ́gba, òróró ilé iṣẹ́ ńlá kan ló máa bọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dá fún mi. Mo tiẹ̀ ti ń ro bí màá ṣe kọ lẹ́tà tí màá fi kí ilé bàtà pé ó dìgbóṣe.

Ẹni tó ń kó wàhálà bá mi nílé ni Màmá, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọdún tó kọjá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún òróró ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í mẹ́nu kan ilé iṣẹ́ yìí. Bí mo bá ń yí ẹ̀rọ, wọ́n á fa àga, wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, nílé iṣẹ́ wa nígbà yẹn..." Màá sì ti dí etí ọkàn mi sí ìyókù. Wọ́n á gbé ìgò mi síbi fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè jẹ́ ká rí i bó ṣe rẹwà tó, nígbà tó jẹ́ pé inú òkùnkùn ló yẹ kó wà. Wọ́n ní ẹ̀kán mẹ́ta, ìwà ahun ni. Ẹ̀kúnwọ́ ni wọ́n ń fi pa ojú tiwọn, wọ́n á wá máa dán bíi páànù tuntun káàkiri ilé.

Mo fẹjọ́ sùn fún ọkọ mi. Ó ní màmá òun ni, kí lòun fẹ́ ṣe. Èmi náà ò sì lè bá ìyá ọkọ mi fa ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo máa ń sọ ni, "Màmá, ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Màá rẹ́rìn-ín, màá gbé ìgò mi kúrò, màá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ á sì wà nínú báàgì mi.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, wọ́n ní ká wá ka bàtà ní ibi iṣẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fi kóró tó ti gbẹ, tí mo ti bó, sílẹ̀ nínú ìsasùn lórí tábìlì. Nígbà tí mo fẹ́ fún un ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ náà yí wẹ́rẹ́, òróró sì ń ṣàn. Mo rí i pé ó pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbọ́ òórùn kan pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oúnjẹ wà lórí iná, mo sọ fún ara mi pé oúnjẹ ni. Inú mi dùn jù. Mo ní bóyá iṣẹ́ náà ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, apòògùn ṣí ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wá gbé ti àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ rárá.

"Iná ti kan èyí," ó ní.

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀ fúnra mi. Òórùn ohun yíyan ni, ó mọ́ ketekete, kò sí oúnjẹ kankan nítòsí tí màá di ẹ̀bi náà rù. Ó fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé ojú tó ti ń bó lòun ń rò, òun ò lè fún irú ojú bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń yí padà láti ìgò dé ìgò. Ó dá a padà fún mi. Ó ní kí n má bínú, òun ò lè fi àyè yẹn dúró dè mí mọ́.

Mo gba ilé lọ. Inú ń bí mi débi pé mo kọjá ilé wa, mo tún ní láti yí padà. Màmá wà nídìí tábìlì, wọ́n ń retí mi.

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Màmá, ẹ yan kóró mi."

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn yan án. Wọ́n rí bí mo ṣe ń di apá mú lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé bí a bá yan án, á rọ̀ fún yíyí, òróró á sì pọ̀. Wọ́n sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tó ń retí ọpẹ́.

Mi ò lè gbé e mì mọ́. "Wọn ò gbà á, Màmá. Wọn ò sì ní gbà á mọ́. Òróró ojú, a kì í jẹ́ kí iná kàn án. Ẹ ti ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Mi ò sì lè tọrọ àforíjì, torí inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ìbéèrè ni wọ́n bi mí. Báwo ni ooru rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ? Mo ní kó má ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ. Wọ́n ní ibo ni mo ń sá kóró sí? Mo ní orí òrùlé.

"O ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan òrùlé yẹn lọ́sàn-án gangan rí?"

Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ní ìgbà òtútù ni mo sá ti àkọ́kọ́, ìyẹn ló fi dára. Bí iná ò bá tiẹ̀ kan èyí, kò lè dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, torí ìgbà ooru ni mo sá a, orí òrùlé gbígbóná sì ti sè é díẹ̀. Wọ́n ní nílé iṣẹ́ àwọn, èyí tí àwọn olóògùn máa ń rà wà lọ́tọ̀. Inú yàrá tó ní ibòji ni wọ́n ti ń gbẹ ẹ́, fáànù á máa fẹ́ sí i fún ọjọ́ mẹ́rin, iná kì í dé ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni olórí yàrá yẹn fún ọdún mọ́kànlá.

Mo fa àga, mo jókòó. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń fa àga tì mí, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, tí mò ń dí etí mi.

"Mo rò pé òróró oúnjẹ lò ń ṣe, irú èyí tá a máa ń yan, tí o wá ń fi pa ojú," Màmá ní. Ohùn wọn ò le. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé wọn kì í yan án? Gbólóhùn kan ṣoṣo. Àbí o rò pé kò ní yé mi?"

Mo la ẹnu láti sọ pé rárá o, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rò, wọ́n sì ti rí i lójú mi.