Ọwọ́ Tó Falẹ̀ ní Ìsìnkú Sidonie

Àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri Paris pé Màdáàmù Ravaud ló kọ́kọ́ fi òkú pa èèyàn lẹ́rìn-ín nínú sinimá. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Èmi Anselme Pinchard ni mo fà á, ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni mo sì fi fà á. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹni tó bá fẹ́ bú èèyàn, kó wá bú mi, kó fi obìnrin yẹn sílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá Clotilde Ravaud ṣiṣẹ́. Òun ló ń darí àwọn òṣèré, èmi ni mò ń ya àwòrán. Ìdí káńtà ni wọ́n ti mú un, níbi tó ti ń ta àwo gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò fún àwọn ayàwòrán. Ọ̀gbẹ́ni Tessandier tó ni ilé-iṣẹ́ wa gbà kó dán sinimá wò, ó ní bí iṣẹ́ káńtà kò bá ti ní dúró, kó máa fi ṣeré. Eré yẹn di sinimá tó lé ní igba, lábẹ́ òrùlé onígíláàsì wa ní Belleville. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju àsìkò tí ẹyin fi ń jinná lọ. Àwọn olùdarí yòókù, ọkùnrin ni gbogbo wọn, jíjágbe ni tiwọn. Màdáàmù kì í pariwo. Á súnmọ́ òṣèré, á sọ gbólóhùn kan sí i létí, á sì padà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí òṣèré kan bá wá ń ju apá sókè sódò bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà yẹn, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé eṣinṣin ló ń yọ yín lẹ́nu ni?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, apá á sì wálẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi rọrùn láti ṣàlàyé, ó sì le láti ṣe. Ọwọ́ ni a fi ń yí ẹ̀rọ. Ìyípo méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ yá, kò gbọdọ̀ falẹ̀. Bí ọwọ́ bá falẹ̀ nígbà tí a ń ya àwòrán, ńṣe ni àwọn èèyàn inú rẹ̀ á máa sáré nígbà tí a bá ń fi í hàn. Kí n má baà ṣì í, mo máa ń kùn orin kan tí àwọn sójà fi ń yan. Ó ti mọ́ mi lára débi pé ìyàwó mi ní mò ń kùn ún lójú oorun.

Ní oṣù kẹta ọdún 1907, a wà ní Nîmes, à ń ya àwọn tó ń bá akọ màlúù jà, nígbà tí àrùn tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun mú Sidonie, ọmọ kan ṣoṣo tí Màdáàmù bí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Wáyà tó kọ́kọ́ dé láti ilé ní ara rẹ̀ kò yá. Èkejì ní ó ti kú. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fi máa gbé wa dé Paris, wọ́n ti sin ín. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó kì í jẹ́ kí òkú àrùn yẹn pẹ́ nílẹ̀. Kùtù hàì ni wọ́n wá gbé e, ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ló sì sáré tẹ̀lé wọn. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ la bá. Màdáàmù dúró tì í pẹ̀lú àpótí ìrìnàjò lọ́wọ́.

"Anselme, ṣé pósí funfun ni wọ́n gbé e sí, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọdé?"

N kò mọ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù, funfun ni."

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé ìwé kan wá fún mi. Sinimá tuntun tó fẹ́ ṣe ló kọ síbẹ̀, ìlà márùn-ún péré: ìyá kan, pósí funfun lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì, àlùfáà, àwọn aládùúgbò tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e lọ sí itẹ́ òkú, sàréè. Àkọlé rẹ̀ ni "Pósí Funfun".

"Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀?" mo bi í.

"Wọ́n á sin ín."

"Ìyẹn náà nìkan?"

"Ìgbà tí wọ́n sin tèmi, n ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ wò ó. Mo fẹ́ kí wọ́n rìn jẹ́jẹ́, Anselme, kó pẹ́ díẹ̀."

Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé mò ń nu ẹ̀rọ. Kò sọ nǹkan kan fún Tessandier nípa ọmọ náà. Ó kàn sọ fún un pé àwọn obìnrin á fẹ́ràn rẹ̀, Tessandier sì gbà.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ itẹ́ kan lórí òkè fún wa ní ọjọ́ kan, láti ọ̀sán títí di aago mẹ́rin, kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ òkú náà, àyálò ọjọ́ kan ni. Oṣù kọkànlá ni, ẹ sì mọ bí ojú ọ̀run wa ti rí lóṣù kọkànlá. Àárọ̀ mọ́ kedere. Nígbà tó fi máa di aago méjì, ìkùukùu ti bò wá, aago mẹ́ta kò tíì lù tí ilẹ̀ ti ń ṣú.

Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa ló mọ ọgbọ́n tí a ń dá sí ìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dínkù, èèyàn á rọra yí ẹ̀rọ, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan lè pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Mo dín in kù díẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ yà sí ẹnu ọ̀nà itẹ́, mo tún dín in kù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ pósí kalẹ̀, ìyípo kan péré ni mò ń ṣe níbi tó yẹ kí n ti ṣe méjì. Bí mo bá ní n kò mọ̀, mo purọ́. Mo fẹ́ kí àwòrán hàn dáadáa, mo sì gbàgbé ohun tí a torí ẹ̀ ń yà á.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, a fi í hàn ní ọ́fíìsì Tessandier. Àwọn ẹṣin ń sáré kútúkútú. Àwọn aládùúgbò ń sáré tẹ̀lé wọn bí adìẹ tí wọ́n da àgbàdo sí. Ìyá ọmọ ṣubú lórí sàréè bí ẹni tí ìjàlọ ta, ó sì fò dìde. Tessandier rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu ojú.

"Clotilde! Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé o ti rí àlùfáà yẹn? Ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Èmi tí mo rò pé ẹkún lo fẹ́ fi pa wá!"

"Ọ̀gá, àṣìṣe ni. Ẹ jẹ́ ká tún un yà."

"Tún kí ni yà? Ṣé orí ẹ pé ṣá? Lọ́la ni mo máa tẹ ọgọ́rin ẹ̀dà. Àkọlé ẹ̀ nìkan ló ń fẹ́ àtúnṣe." Ó ronú, ó sì lu tábìlì. "Ẹ Tètè Sin Ín! Àbí? Ẹ Tètè Sin Ín!"

Mo wo Màdáàmù. Kò sunkún, kò sì jiyàn mọ́. Ó mú fìlà rẹ̀, ó dìde, mo sì sá tẹ̀lé e dé àgbàlá.

"Ẹ padà lọ sọ fún un," mo ní. "Ẹ sọ fún un pé ọmọ yín ni."

"Tí mo bá sọ fún un, á káàánú mi, á sì tún tà á."

"Màdáàmù, ọwọ́ mi ló falẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ, mo wá..."

"Mo mọ̀. Ṣebí ẹ̀gbẹ́ ẹ ni mo dúró sí? Mo gbọ́ tí orin ẹ ń falẹ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò bá mi wí?"

"Mo rò pé ò ń sunkún ni," ó ní.

Ó sàn kó gbá mi létí. N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi sì rò pé mo ti ń mutí níta.

Ọjọ́ kẹta ni ọgbọ́n kan tó sọ sí mi lọ́kàn, ó sì yà mí lẹ́nu pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi sinimá hàn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí òun náà. Bí mo bá yí i jẹ́jẹ́ bí mo ti yí tèmi ní itẹ́, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á rìn. Ewu kan ló wà níbẹ̀. Fíìmù ń gbiná bí ẹ̀tù ìbọn, iná fìtílà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gbóná gan-an. Bí fíìmù bá ń yára kọjá, kò sí wàhálà. Bí ó bá ń lọ́ra, ó lè jó. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ ibi tí irú iná bẹ́ẹ̀ ti pa èèyàn.

Mo lọ bá Goujard, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ tó ní àgọ́ sinimá nínú ìpàtẹ ọjà ní Montreuil. Ó ti ra ẹ̀dà kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n yí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kó má sì bi mí nídìí.

"Yí i bó ṣe wù ẹ́," ó ní. "Àmọ́ tí o bá jó àgọ́ mi, èmi fúnra mi ni màá sin ẹ́, n ò sì ní tètè sin ẹ́!"

Màdáàmù wá. Ó wọ aṣọ dúdú, ó jókòó sẹ́yìn, nítòsí ẹ̀rọ. Àgọ́ kún dẹ́nu: àwọn òṣìṣẹ́ àti ìyàwó wọn, àwọn ọmọ kéékèèké lórí itan, gbogbo wọn ń jẹ èso igi ìlú wa kan tí wọ́n ń yan lórí iná bí ẹ̀pà. Goujard wà níta, ó ń kígbe, "Ẹ wọlé, ẹ wá wo òkú tó ń sáré! Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín, òkú ni òun náà!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. N kò kùn orin kankan, ìyípo ni mò ń kà. Àwòrán náà ń ṣẹ́jú lójú aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú, ṣùgbọ́n àwọn ẹṣin ń rìn. Àwọn aládùúgbò ń rìn. Obìnrin kan ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de àwàdà tí wọ́n ṣèlérí fún un, ó wá dákẹ́.

"Kí ló ń pani lẹ́rìn-ín nínú èyí?" ọkùnrin kan béèrè.

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "O ò rí i pé ọmọdé ni?"

Kẹ̀kẹ́ òkú dé àárín aṣọ. Ọkùnrin kan ní ìlà iwájú, bíríkìlà ni, mo rí ẹfun lára ẹ̀wù rẹ̀, ṣí fìlà rẹ̀, bí a ti ń ṣe ní ìlú wa nígbà tí òkú bá ń kọjá lójú títì. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun ṣe é. Ẹni tó jókòó tì í ṣí tirẹ̀. Ìlà kejì ṣí tiwọn, títí tí kò fi sí fìlà lórí ọkùnrin kankan nínú àgọ́ náà mọ́. Àwọn obìnrin ń fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Mò ń sunkún, ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ mi kò sì yẹ̀.

A dé sàréè. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti falẹ̀ jù nígbà tí a ń yà á, ibẹ̀ náà ni mo sì gbọ́dọ̀ ti lọ́ra jù báyìí. Mo gbọ́ òórùn. Etí fíìmù ti ń pọ́n, èéfín tín-ín-rín kan jáde lára ẹ̀rọ. Goujard ti rí i.

"Pinchard! Yí i kánkán! O fẹ́ pa wá ni?"

Mo wo Màdáàmù. Òótọ́ ni mò ń sọ: bí ó bá ní kí n máa lọ́ra, ǹ bá lọ́ra, gbogbo wa ì bá sì jóná síbẹ̀. Ó wo aṣọ, níbi tí pósí funfun náà ti wà létí sàréè, tí wọn kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ tó wà lórí itan ìyá wọn.

"Yí i kánkán, Anselme."

Mo yí i. Pósí já wọlẹ̀ wìì. Ìyá ọmọ ṣubú, ó fò dìde. Àlùfáà ń fò, àwọn aládùúgbò ń sáré jáde ní itẹ́. Ibi tí Tessandier ti yọ gíláàsì ojú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo di ojú mi, mo ń retí ẹ̀rín.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo lajú, aṣọ ti funfun, fìlà ṣì wà lórí orúnkún olúkúlùkù. Bíríkìlà náà dìde, wọ́n sì tẹ̀lé e jáde jẹ́jẹ́.

Goujard bú mi débi tó lè bú mi dé. Ẹ̀dà mọ́kàndínlọ́gọ́rin yòókù lọ sí Lyon, wọ́n lọ sí Brussels, wọ́n sọdá òkun, gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi Sidonie rẹ́rìn-ín àrínṣubú. N kò rí nǹkan kan ṣe sí ìyẹn. Ní ọjọ́ Ajé, Màdáàmù ti wà lábẹ́ òrùlé gíláàsì wa láago méje, ó ń ṣètò sinimá nípa ọkọ kan tó ń fọ abọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú yẹn, bí a ti jáde nínú àgọ́, ó di apá mi mú.

"Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Wọ́n á tó ọgọ́rùn-ún, Màdáàmù."

"Ọgọ́rùn-ún," ó ní. "Wọ́n pọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rin."