Àpótí Àárín Nínú Ọkọ̀ Títíloyè

Bí Gbéminíyì rìwáyà, tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, bá sín ní Siluko Road nílùú Benin, àwọn tó ń ra iṣu ní ọjà Oliha á ní, "Pẹ̀lẹ́ o!" Ohùn ọkùnrin náà ga ju òpó iná lọ. Ó lè dúró nídìí mọ́tò kó bú ẹni tó jí tẹ́sítà rẹ̀, kí olè náà sì gbé e padà wá láti Warri, kó tún dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí Títíloyè òṣìṣẹ́ báǹkì ya ọkọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, ohùn yẹn á sá wọnú bí ìgbín tí wọ́n ta níyọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò ju ti ẹ̀fọn tí òtútù mú lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìyàwó Gbéminíyì ti kú. Ọkọ Títíloyè náà ti dolóògbé kí báǹkì tó gbé e wá sí Benin láti Òṣogbo. Ìjọ Yorùbá kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ, òfin ìjọ yẹn sì le ju irin lọ: ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ bá obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ìyá ìjọ ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò sì máa gbé e bọ̀, títí gbogbo ìjọ yóò fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Ìyá Morọ́láyọ̀ tó ń ta àlùbọ́sà ní Oliha ni ìyá ìjọ ọ̀hún. Obìnrin dáadáa ni. Àlùbọ́sà kan ṣoṣo, ó lè fi bọ́ abúlé kan kó tún ṣẹ́kù. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ etí rẹ̀ tó jáde ní ìwọ̀n tó wọlé. Bí Gbéminíyì bá ní, "Ìyá, ẹ bá mi kí Sístà Títíloyè," ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ Títíloyè ni pé, "Ó kí ọ o. Ó ní láti Ọjọ́bọ̀ oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun òun. Ó ti ra ilẹ̀ sílùú yín ní Ìkìrun, ilé alájà mẹ́ta ló fẹ́ kọ́ fún ọ." Bí Títíloyè bá rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní, "Ẹ ní mo kí i padà," ohun tí Gbéminíyì yóò gbọ́ ni pé, "Ó ní kó o jáwọ́ nínú irọ́, kó o gẹ irun rẹ, kó o sì lọ ra bàtà gidi."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ fún ọdún méjì nìyẹn. Títíloyè gbà pé òpùrọ́ pọ́ńbélé ni Gbéminíyì. Gbéminíyì gbà pé obìnrin náà ò ka òun sí èèyàn. Síbẹ̀, lásìkò àdúrà tó yẹ kí gbogbo ojú wà ní dídì, ojú mẹ́rin kan máa ń la sílẹ̀ nínú ìjọ náà, wọ́n á ń wá ara wọn kiri láàárín gèlè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jimọ́ kan, lọ́dún 2008, ọkọ̀ Títíloyè wọ́ ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò Jámánì aláwọ̀ ewé ni, àgbàlagbà díẹ̀. Ó ń húkọ́ bí arúgbó tó mu sìgá láti ìgbà ìkún omi Nóà. Ìyá Morọ́láyọ̀ ló jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ni ín, nítorí òfin ìjọ, kí ọkọ̀ sì tó dúró ló ti yọ orí síta.

"Gbéminíyì! Báǹkì fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn o! Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn lónìí, wọ́n ní kó sọ bóyá ó ń lọ tàbí ó ń dúró!"

Gbéminíyì wo ojú Títíloyè, bóyá Ìyá ti fi nǹkan kún un. Títíloyè wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní èlé kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìyá Morọ́láyọ̀ sọ nǹkan bó ṣe rí, òun náà ló sì dun Gbéminíyì jù.

"Ẹ káàárọ̀, Màdáámù," ni ẹ̀fọn inú rẹ̀ wí.

Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, olúkúlùkù ló sì ní kọ́ìlì tirẹ̀ tó dé e lórí bíi fìlà, tó ń fún un níná. Kọ́ìlì kan ti kú. Gbéminíyì sọdá sọ́dọ̀ Osaro, ọmọ Ẹ̀dó tó ń ta pátì mọ́tò tòkunbọ̀ lódìkejì títì.

"Oga Gbemi, that old type don finish for Benin," ni Osaro wí. "But see this one. Na new model. E strong pass."

Gbéminíyì kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọ̀kan má baà máa fi agbára yan àwọn tó kù jẹ. Ó pààrọ̀ orí wáyà, ó fún wọn ní wáyà ilẹ̀ tiwọn, ó sì tẹ̀ wọ́n sí àyè wọn. Ṣùgbọ́n àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn. Áńpílífáyà ni. Ẹ wò ó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń pàṣẹ ìgbà tí iná yóò tan, ṣùgbọ́n ohùn kọ̀ǹpútà kéré. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi gbé àpótí yìí sí àárín òun àti kọ́ìlì, kó máa gbé ohùn náà sókè, bí áńpílífáyà ìjọ ṣe ń gbé ohùn pásítọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ Gbéminíyì níṣẹ́ ní Adó-Èkìtì ti kìlọ̀ fún un: "Ohun tí òyìnbó bá dè mọ́ inú mọ́tò, má tú u. Ó nídìí tó fi dè é." Gbéminíyì bọ̀wọ̀ fún àpótí náà bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó tiẹ̀ nu eruku ara rẹ̀.

Ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Háà! Ọkọ̀ náà gbọ̀n bí ẹni tí ibà ká mọ́ inú òjò. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ yìnbọn, gbòlà! Ewúrẹ́ olóyún kan tó ń kọjá lọ bímọ lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà dìde, ó sì sá ju ìyá rẹ̀ lọ. Gbéminíyì pa iná ọkọ̀, ó tún un yẹ̀ wò, ó tún un tan. Ìbọn míì. Gbogbo ẹni tó ń jẹun ní Siluko Road ló gbé àwo wọn sápamọ́.

"Kí ló ń ṣe é?" ni Ìyá Morọ́láyọ̀ béèrè lórí àga gbọọrọ tí òun àti Títíloyè jókòó lé.

Gbéminíyì nu ọwọ́. "Ìyá, ẹ bá mi bẹ Màdáámù kó fún mi láyè díẹ̀ sí i."

Títíloyè wà níbẹ̀. Ìgbáròkó rẹ̀ kan ti Ìyá. Síbẹ̀, Ìyá kọjú sí i, ó tún ọ̀fun ṣe. "Ó ní òun ń bẹ̀ ọ́. Ó ní bí ọkọ̀ yìí bá kọ̀ láti lọ, ẹ̀yìn lòun máa fi pọ̀n ọ́ dé Ìbàdàn, òun ò ní sinmi lọ́nà."

Ojú Títíloyè rẹ̀wẹ̀sì. "Ó ṣe tán àtigbé mi lọ nìyẹn?" Ó rọra sọ ọ́. "Ẹ ní bó bá ní nǹkan gidi láti sọ, kó sọ ọ́."

"Gbéminíyì! Ó ní bó bá jẹ́ irọ́ lo tún fẹ́ pa, kó o gbé e jẹ bí ẹ̀kọ!"

Gbéminíyì ti orí bọ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ó sì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìṣe nǹkan kan, nítorí omi ojú kì í jẹ́ kéèyàn rí wáyà.

Ìró ìbọn ló gbé Osaro sọdá títì. "Oga, who una dey fight?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ẹ́ńjìnnì, ó sì pariwo. "Ah! You never comot this box? This new coil get him own amplifier for belle! You come give am two. Person wey dey shout already, you still carry loudspeaker put for him mouth?"

"Kí ni ó ń wí?" ni Ìyá béèrè. Pígíìnì ọjà ló ń gbọ́, ti mọ́tò kò yé e.

"Ó ní kọ́ìlì tuntun yìí ní agbára tirẹ̀ nínú," ni Gbéminíyì dáhùn. "Ó ní ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ, kọ́ìlì lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí tó wà láàárín ń gbé e sókè kó tó débẹ̀, kọ́ìlì náà tún ń gbé e sókè. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà sọ mọ́..."

Ó dúró. Títíloyè ti gbé ojú sókè, ó ń wò ó. Wọ́n wo ara wọn báyìí, lójú ọ̀sán gangan, láìsí gèlè kankan láàárín.

Gbéminíyì tẹ́ ara sídìí iṣẹ́. Ó gé wáyà mẹ́rin tó ń ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà wọ inú àpótí, ó gé mẹ́rin tó ń ti inú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ kọ́ìlì, ó wá so olúkúlùkù mọ́ ìkejì rẹ̀ tààrà. Kò kánjú. Bí ọ̀kan bá ṣìnà, púlọ́ọ̀gì tí kò kàn ni yóò tanná. Ó yọ́ léèdì, òjé tí wọ́n fi ń so wáyà, sójú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó wé e ní téèpù bí ẹni ń di ọgbẹ́ fọ́mọ ìkókó, ó sì tú àpótí náà sílẹ̀. Ó gbé e ka orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Morọ́láyọ̀.

Ìyá fọwọ́ kàn án. "Kí ni eléyìí wá ṣẹ̀ yín?"

"Kò ṣẹ̀ rárá, Ìyá." Gbéminíyì fi eékún kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti ṣa irinṣẹ́. "Ó ṣe bẹbẹ. Láìsí i, ọkọ̀ yìí kì bá tí kúrò lójú kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ló parí."

Ìyá Morọ́láyọ̀ dákẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó dákẹ́! Wọ́n ní odò Ògbà dá ìṣàn dúró lọ́jọ́ náà kó lè gbọ́ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣe rí.

Títíloyè fúnra rẹ̀ ló wọlé tó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà dáhùn wẹ́rẹ́. Ó ń kùn bí ìyá tí ọmọ ti sùn sí lẹ́yìn àmọ́ tí kò tíì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

"A ní láti dán an wò lójú títì," ni Gbéminíyì wí.

Ìyá dìde, ó tún ìró ró, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó ṣí i. Ó wo àga iwájú. Ó wo Gbéminíyì tó dúró, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo. Lẹ́yìn náà ó sún sẹ́yìn. "Wọlé, jàre. Àlùbọ́sà mi wà nínú oòrùn."

"Ìyá, òfin ìjọ ńkọ́?" ni Títíloyè béèrè.

"Èmi ni òfin ọ̀hún. Ó ti rẹ̀ mí."

Wọ́n wakọ̀ lọ. Láti Siluko Road títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ring Road, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Mi ò ní ilẹ̀ ní Ìkìrun," ni Gbéminíyì ṣàdédé wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ilé alájà mẹ́ta. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àní mi ò mọ ọ̀nà Ìkìrun."

"Àti pé ẹ ò lè jẹun láti Ọjọ́bọ̀?"

"Mo jẹun. Ẹ̀bà ni mo jẹ. Mo tún bù sí i."

Ẹ̀rín pa Títíloyè débi pé ó ní láti ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níwájú àwọn tó ń ta aṣọ ní Oba Market. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ò ní kẹ́ ẹ lọ ra bàtà o."

"Ẹ ò sọ ọ́?" Gbéminíyì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Bàtà ti kún yàrá mi."

Ẹ̀rín náà tán díẹ̀díẹ̀. Títíloyè wo aago. "Kí lẹ wá sọ ní gbogbo ọdún méjì yìí? Èyí tó ti ẹnu yín jáde gan-an?"

"Mo ní kí wọ́n kí yín."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Mo rò pé bí mo bá ń kí yín léraléra, ẹ máa mọ èyí tó kù."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Báǹkì ń retí mi. Ẹ sọ èyí tó kù."

Ohùn Gbéminíyì tún fẹ́ sá wọnú. Ṣùgbọ́n Títíloyè ti tẹ orí sọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ìdí láti pariwo. "Bí ọkọ̀ yín bá ti yà sọ́dọ̀ mi, ara mi máa ń fúyẹ́. Bí ẹ bá lọ tán, mo máa ń gbá ibi tó dúró sí, mo sì máa ń fi táyà àlòkù dí i, kí ọkọ̀ ẹlòmíì má tètè gba ibẹ̀." Ó kọjú sí i. "Ẹ má lọ sí Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́."

Títíloyè mú fóònù rẹ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó sì sọ Gẹ̀ẹ́sì ilé báǹkì, èyí tó máa ń yára kọjá etí bí ọkọ̀ òfuurufú. "Benin" àti "stay" nìkan ni Gbéminíyì rí mú nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn tó o. Ó fi ọwọ́ elépo bo ojú, ojú rẹ̀ sì dúdú títí dé etí.

Nígbà tó ṣí i, Títíloyè ń na áńkáṣíìfù sí i.

"Mi ò ní nọ́ńbà yín," ni Gbéminíyì wí. "Ìyá Morọ́láyọ̀ ò fún mi rí."

Títíloyè kà á fún un. Gbéminíyì tẹ̀ ẹ́, ó pè é. Fóònù dún lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó wo Gbéminíyì tó jókòó tì í, tó gbé fóònù létí, tí èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara. Ó gbé e.

"Hẹ́lò? Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Gbéminíyì ni. Ẹ ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀. Tèmi kì í ṣe irọ́ o."

"Kí lẹ fẹ́ràn láti jẹ?"

"Ẹ ò mọ̀?"

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa yín."

"Ìrẹsì àti ẹja," ni Títíloyè wí, ó sì fara ti àga. "Ẹ tún béèrè òmíì."

Ó béèrè òmíì. Ó béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ìdí tó fi máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ìjọ. Oníṣọ́ọ̀bù aṣọ kan jáde wá béèrè bóyá wọ́n fẹ́ ra aṣọ, wọ́n juwọ́ sí i. Kírẹ́díìtì tán lórí fóònù Gbéminíyì, ìlà já, kò sẹ́ni tó gbé fóònù kúrò létí nínú wọn.