Lẹ́tà Tó Wọṣọ Jù

Lójú oorun ọ̀sán àná ni mo ti lá àlá yìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè rọ́ ọ, kó tó fò lọ lórí mi.

Ẹ mọ̀ pé Morẹ́nikẹ́, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kánádà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èmi ni wọ́n ní kí n fún ọmọ lórúkọ, kí n sì fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo wá àwòrán òdòdó aláràbarà fi ṣe ara ìwé náà lọ́ṣọ̀ọ́, mo fi ránṣẹ́, mo bá sùn.

Lójú àlá, lẹ́tà náà kò tíì lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Òórùn òdòdó ara rẹ̀ ń ta sánsán, ẹyẹlé méjì sì ti bà sí etí rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dá a dúró.

Ó ní, "Ìyá, aṣọ tí ẹ wọ̀ fún mi ti pọ̀ jù. Mi ò lè rìn."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo pọ̀n ọ́n, mo fi ọ̀já gbà á, a kọrí sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gbé ímeèlì kiri. Òkè odò ni ọ́fíìsì náà léfòó sí bí igbá. Mo ní kí odò gbé mi sókè díẹ̀, ó sì gbé mi.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, de táì. Ó ní ohun tó léwé, tó tún lẹ́yẹ, kò lè sọdá òkun láìgbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn elétò ọ̀gbìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ọmọ ń dúró de orúkọ. Ó ní kí òun kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ wò. Bó ti tẹ imú bọ òdòdó náà, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo hù lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Táì ò kúrò lọ́rùn rẹ̀ o. Mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó mi orí, ó ń jẹ òdòdó lọ, kò ṣẹ́ ewé kan kù. Àwọn ẹyẹlé rí i pé ilé ti tú, wọ́n bá tiwọn lọ.

Lẹ́tà wá kù ní funfun báláú, àfi ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojú tì mí. Mo ní wọn yóò sọ pé ahun ni ìyá àgbà ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà na apá, ó rẹ́rìn-ín, ó gba ojú fèrèsé jáde bí ẹ̀fúùfù. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí ọmọ tuntun kan dáhùn pé "Ò" láti òkè òkun. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jí.

Fóònù ló ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Morẹ́nikẹ́ ni. Ó kí mi tán, ó ní lẹ́tà ti dé.

"Ṣùgbọ́n òdòdó nìkan la rí, Màmá. Ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ilé ti wò ó títí. Kí lorúkọ ọmọ?"

"Ìbíyẹmí," ni mo wí.

Ó sọ ọ́ sókè fún àwọn ará ilé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ọmọ náà sì ń ké. Ọkọ Morẹ́nikẹ́ gba fóònù, ó kí mi, ó dúpẹ́ títí. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé mo gbé fóònù, àwọn ti fẹ́ máa pe ọmọ ní Òdòdó.